Orúkọ 27 nínú 35 ni mo gbà nínú àwọn olùdíje Oscar: ibo ni mo ti ń ṣì í?

Àdùnní_Oníworan
24 Ṣẹ́rẹ́ 2025, 8:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Àná ni wọ́n ka orúkọ àwọn tí yóò díje fún Oscar kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọjọ́ 17 ló yẹ kí wọ́n ti kà á, iná igbó tó jó Los Angeles ló jẹ́ kí wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àsìkò yẹn ni mo fi ń tún àkọsílẹ̀ mi ṣe: mo pa eléyìí rẹ́, mo fi tọ̀hún rọ́pò. Nígbà tí Rachel Sennott àti Bowen Yang kà á tán, mo jókòó, mo ṣírò tèmi. Fíìmù Tó Pegedé Jù, olùdarí àti ìsọ̀rí mẹ́rin ti àwọn òṣèré nìkan ni mo ń sọ. 27 nínú 35.

Fíìmù, mo gba 8 nínú 10. Mo fi A Real Pain àti September 5 sí i, I'm Still Here àti Nickel Boys ló wọlé. Olùdarí, 4 nínú 5: Edward Berger tó darí Conclave ni mo mú, Coralie Fargeat tó darí The Substance ló jókòó síbẹ̀. Olú òṣèrékùnrin, 4: mo ní Daniel Craig, Sebastian Stan ló jáde. Olú òṣèrébìnrin, 4: mo ní Marianne Jean-Baptiste, Fernanda Torres ló wọlé. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin, ìyẹn ẹni tó ń ti olú òṣèré lẹ́yìn, 4: mo fi Denzel Washington síbi tó yẹ kí n fi Jeremy Strong sí. Ti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin ló burú jù, 3 péré. Danielle Deadwyler àti Jamie Lee Curtis ni mo mú, Isabella Rossellini àti Felicity Jones ni wọ́n kà.

Ti Jean-Baptiste yẹn ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo Hard Truths, fíìmù tó ti ṣeré. Obìnrin yẹn ń bínú sí gbogbo ayé, síbẹ̀ ìwọ tí o ń wò ó á rí i pé ìrora ló wà nídìí ìbínú náà, láìjẹ́ pé ó sọ ọ́ jáde. Àwọn alárìíwísí New York fún un ní ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó pegedé jù. Mo ti gbà pé kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbà á dáadáa, kí lẹ máa ń wò? Kí ló yẹ kí n tẹ̀ lé, kí ló yẹ kí n pa tì? Ẹ sì sọ ẹni tí ẹ rò pé yóò gbé e lọ́jọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà.

Kọ́lá_Aláwòrán
24 Ṣẹ́rẹ́, 8:31 àárọ̀

27 kì í ṣe ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ bara jẹ́. 24 ni mo gbà, mo sì ti ń ṣe é láti ọdún 2012.

Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ni kí o tẹ̀ lé: PGA ti àwọn aṣàgbéjáde, DGA ti àwọn olùdarí, SAG ti àwọn òṣèré. Lọ́dún yìí, 8 nínú fíìmù 10 tí PGA mú ló wọlé, 4 nínú olùdarí 5 tí DGA mú ló wọlé. Má wo ẹlòmíràn.

Àdùnní_Oníworan
24 Ṣẹ́rẹ́, 8:44 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ohun tí mo tẹ̀ lé gan-an nìyẹn! Ẹ wo mẹ́jọ tí mo ṣì. A Real Pain àti September 5, PGA ló mú wọn. Berger, DGA. Craig, Deadwyler àti Curtis, SAG. Mẹ́fà nínú mẹ́jọ ló ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yẹn wá. Denzel àti Jean-Baptiste nìkan ni mo fi ọwọ́ ara mi mú. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ náà bá ti ṣì ni èmi náà ń ṣì sí.

Bàbá_Ìbejì
24 Ṣẹ́rẹ́, 9:20 àárọ̀

Àdùnní, ìbéèrè tó dára lo bi. Jẹ́ kí n là á fún ọ bó ṣe yé mi, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń ka ìbò.

Ìbò tí wọ́n fi ń yan olùdíje yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń mú olúborí. Nígbà tí wọ́n bá ń yan olùdíje, òṣèré ló ń yan òṣèré, olùdarí ló ń yan olùdarí, àwọn tó ń kọ ìwé eré ló ń yan ìwé eré. Fíìmù Tó Pegedé Jù ni gbogbo ẹ̀ka jọ ń yan. Ó di ìbò ìkẹyìn kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó lè dìbò sí gbogbo ìsọ̀rí. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń kọ orúkọ olùdarí sílẹ̀, má bi ara rẹ pé ta ni Akádẹ́mì, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Oscar, fẹ́ràn. Bi ara rẹ pé ta ni àwọn olùdarí ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún.

Ìṣirò ló kàn. Olùdìbò á to orúkọ márùn-ún sórí ìwé ìbò rẹ̀, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni karùn-ún. Ká ní ìwé ìbò 600 ló wọlé. Ààyè márùn-ún ló wà, wọ́n á fi 6 pín 600, ó di 100, wọ́n á fi ẹyọ kan lé e. Ẹni tí èèyàn 101 bá kọ sí ipò àkọ́kọ́ ti wọlé nìyẹn. Bí ààyè bá ṣì kù, ẹni tí ìbò àkọ́kọ́ rẹ̀ kéré jù ni wọ́n á yọ, wọ́n á gbé ìwé ìbò rẹ̀ fún ẹni tí olùdìbò náà kọ tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe títí ààyè á fi kún.

Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Pé kí èèyàn 101 fẹ́ràn rẹ bí ẹyinjú wọn sàn ju kí 500 kọ ọ́ sí ipò kẹrin lọ. Ẹni tí 500 bá kọ sí ipò kẹrin, tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sí àkọ́kọ́, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ. Wàyí o, wo Conclave. Ta ló kórìíra rẹ̀? Kò sí. Ṣùgbọ́n olùdarí mélòó ló jókòó tó ní Berger ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọdún yìí? The Substance, ẹni tó bá kórìíra rẹ̀ á dìde kúrò níwájú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kò ní kọ fíìmù mìíràn ṣáájú rẹ̀.

Sinimá_Dalẹ́
24 Ṣẹ́rẹ́, 10:02 àárọ̀

Mo fi ọwọ́ sí ohun tí Bàbá Ìbejì sọ, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí kún un. Ẹ gbé DGA sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oscar láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ní 2022, DGA mú Denis Villeneuve fún Dune, Oscar yọ ọ́, Ryusuke Hamaguchi ará Japan ló wọlé. Ní 2023, DGA mú Joseph Kosinski tó darí Top Gun: Maverick, Oscar fi Ruben Östlund ará Sweden rọ́pò. Ní 2024, àwọn méjì ló jáde, Greta Gerwig àti Alexander Payne, Jonathan Glazer àti Justine Triet ló wọlé. Ọdún yìí, Berger jáde, Fargeat ọmọ ilẹ̀ Faransé wọlé.

Nítorí náà, bí DGA bá ti gbé orúkọ márùn-ún jáde, pa ẹni kan rẹ́, ó kéré tán. Wá olùdarí tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà kí o fi síbẹ̀.

Arẹwà_Èdè
24 Ṣẹ́rẹ́, 10:40 àárọ̀

Mo ní àtúnṣe kan, Sinimá_Dalẹ́. Berger gan-an, Jámánì ni wọ́n bí i sí. Villeneuve, ọmọ Kánádà. Bó bá jẹ́ pé "kì í ṣe ará Amẹ́ríkà" ni òfin náà, kò yẹ kí àwọn méjèèjì jáde. Àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú The Substance.

Irú fíìmù náà ni mo rò pé kí a wò. Àwọn tó wọlé yẹn, fíìmù tí ọwọ́ olùdarí hàn gbangba lára rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Bí o bá pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, wàá ṣì mọ ẹni tó ṣe é. Àwọn tó jáde, ọ̀pọ̀ wọn ṣe fíìmù tó tà dáadáa, tàbí tí gbogbo èèyàn gbádùn. Ẹ̀ka àwọn olùdarí máa ń gbóríyìn fún ẹni tó dáwọ́ lé ohun tó lè bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Sinimá_Dalẹ́
24 Ṣẹ́rẹ́, 10:52 àárọ̀

Òótọ́ ni ti Berger, mo gbà. Ṣùgbọ́n pípa ẹni kan rẹ́ ṣì dúró o, ọdún mẹ́rin léra.

Ìyá_Ọlọ́fíìmù
24 Ṣẹ́rẹ́, 1:15 ọ̀sán

Àdùnní, ẹ kú ìdárò Jean-Baptiste. Èmi náà sunkún inú. Mo rántí rẹ̀ láti ìgbà Secrets & Lies, òun ni wọ́n yàn ní 1997 gẹ́gẹ́ bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, Mike Leigh tó darí Hard Truths náà ló darí rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó o fi sọ́kàn ni pé àwọn alárìíwísí kò ní ìbò kankan ní Akádẹ́mì. Ẹ wo Sally Hawkins nínú Happy-Go-Lucky, Mike Leigh náà ló darí ìyẹn. Àwọn alárìíwísí New York fún un ní ẹ̀bùn, ó gba Golden Globe lé e, nígbà tí wọ́n ka orúkọ ní 2009, wọn ò pè é. Ethan Hawke nínú First Reformed, bákan náà: New York fún un, Oscar kò mọ̀ ọ́n. Alárìíwísí lè mú kí wọ́n wo fíìmù rẹ, wọn ò lè bá ọ kọ ìwé ìbò.

Ti Torres, ẹ wo ọjọ́. Ọjọ́ 5 oṣù yìí ló gba Golden Globe. Ọjọ́ 8 ni ìbò bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó parí lọ́jọ́ 12, iná ló jẹ́ kí wọ́n sún un dé ọjọ́ 17. Àwọn òṣèré rí obìnrin yìí lórí ìtàgé lónìí, lọ́jọ́ kẹta wọ́n ṣí ìwé ìbò. Ó sì ní ìtàn lẹ́yìn: wọ́n yan ìyá rẹ̀, Fernanda Montenegro, sí ìsọ̀rí kan náà ní 1999 fún Central Station, kò gbà á. Walter Salles tó darí ti ìyá náà ló darí I'm Still Here tí ọmọ ṣe.

Kọ́lá_Aláwòrán
24 Ṣẹ́rẹ́, 1:33 ọ̀sán

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a ò lè fi ẹ̀rí hàn pé ọjọ́ tí wọ́n fi kún un ló gbé Torres wọlé.

Ìyá_Ọlọ́fíìmù
24 Ṣẹ́rẹ́, 1:41 ọ̀sán

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mo ní kí ó máa wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìbò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìbò bá ti parí kò kan àwọn olùdíje mọ́.

Arẹwà_Èdè
24 Ṣẹ́rẹ́, 2:20 ọ̀sán

Àpẹẹrẹ Andrea Riseborough ní 2023 náà bá ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì mu. SAG kò mú un, Golden Globe kò mú un, fíìmù To Leslie kò pa owó rárá. Àwọn òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìbò, ó sì wọlé. Àríwísí pọ̀, Akádẹ́mì wádìí ìpolongo náà, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ sí àkọ́kọ́ tó iye tó yẹ, ìyẹn ló gbé e wọlé.

Inú mi kò dùn sí i lọ́dún yẹn, torí Viola Davis àti Danielle Deadwyler jáde. Deadwyler tún ti jáde lọ́dún yìí. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí SAG yóò mú un tí Oscar kò ní mú un, ó sì yẹ kí wọ́n ti yàn án fún Till.

Tọ́pẹ́_Ìran_Kejì
24 Ṣẹ́rẹ́, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ohun tó ń bí mi nínú ni Kieran Culkin àti Zoe Saldaña. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ báwo? Saldaña ló ṣí Emilia Pérez, òun la ń bá rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akádẹ́mì yẹ kó fòfin de irú èyí.

Bàbá_Ìbejì
24 Ṣẹ́rẹ́, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Tọ́pẹ́, kì í ṣe Akádẹ́mì ló ń fi wọ́n síbẹ̀. Àwọn tó ni fíìmù ló ń polongo wọn síbẹ̀, olùdìbò ló sì ní àṣẹ láti kọ orúkọ síbi tó bá wù ú. Ní 2009, wọ́n polongo Kate Winslet fún The Reader gẹ́gẹ́ bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn òṣèré kọ ọ́ sí olú òṣèrébìnrin, ibẹ̀ ló sì ti gbà á. Ní 2021, òdìkejì rẹ̀: wọ́n polongo LaKeith Stanfield gẹ́gẹ́ bí olú òṣèré nínú Judas and the Black Messiah, òun àti Daniel Kaluuya ló wá pàdé ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Fíìmù tí wọ́n jọ jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ sí, ta wá ni olú òṣèré rẹ̀? Mi ò tíì rí ìdáhùn títí dòní.

Àdùnní_Oníworan
24 Ṣẹ́rẹ́, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìbéèrè kan: I'm Still Here wà nínú Fíìmù Tó Pegedé Jù àti nínú fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Kí ló dé tí All We Imagine as Light, fíìmù Íńdíà, kò sí nínú ìkankan? Ìyẹn dùn mí díẹ̀.

Arẹwà_Èdè
24 Ṣẹ́rẹ́, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Fíìmù kan péré ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́. Íńdíà fi Laapataa Ladies ránṣẹ́. Ilẹ̀ Faransé ṣe irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá lọ́hùn-ún: wọ́n fi The Taste of Things ránṣẹ́, wọ́n fi Anatomy of a Fall sílẹ̀, ìyẹn sì wá wọ ìsọ̀rí márùn-ún fúnra rẹ̀, ó gba ti ìwé eré. Bí ìgbìmọ̀ ilé bá ti ṣì í, kò sí ohun tí Akádẹ́mì lè ṣe.

Òfin èdè náà wà. Ní 2019 Nàìjíríà fi Lionheart tí Genevieve Nnaji darí ránṣẹ́, wọ́n dá a padà torí pé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó o bá ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ìsọ̀rí yẹn, ka orúkọ tí orílẹ̀-èdè fi ránṣẹ́ kó o tó fẹ́ràn fíìmù kankan.

Kọ́lá_Aláwòrán
25 Ṣẹ́rẹ́, 7:55 àárọ̀

Ó tó àsìkò kí a sọ olúborí. Emilia Pérez ni tèmi. Ìsọ̀rí 13 ló wọ̀, fíìmù tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Òṣèrébìnrin, Demi Moore. Òṣèrékùnrin, Timothée Chalamet. Ẹ gbàgbé Conclave, Wicked àti Dune: fíìmù tí wọn ò bá yan olùdarí rẹ̀ kì í gba Fíìmù Tó Pegedé Jù. CODA nìkan ló gbà á rí.

Bàbá_Ìbejì
25 Ṣẹ́rẹ́, 8:40 àárọ̀

Kọ́lá, CODA kò dá wà níbẹ̀. Argo gbà á ní 2013 láìsí Ben Affleck nínú àwọn olùdarí. Green Book, 2019. Driving Miss Daisy, 1990. Láyé àtijọ́, Grand Hotel, àti Wings tó gba ti àkọ́kọ́ pàá ní 1929. Mẹ́fà ni gbogbo wọn. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn ṣẹlẹ̀ láti 2013 wá.

Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ báyìí ni pé ìbò ìkẹyìn ti Fíìmù Tó Pegedé Jù ní ìlànà tirẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò ti fi olùdíje rẹ̀ mọ sí fíìmù márùn-ún mọ́ ní 2010. Olùdìbò á to gbogbo fíìmù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n á máa yọ èyí tí ìbò àkọ́kọ́ rẹ̀ kéré jù, wọ́n á máa pín ìwé ìbò rẹ̀, títí ọ̀kan á fi kọjá ìdajì. Wo bó ṣe yí padà: ẹni tí àwọn díẹ̀ fẹ́ràn dé góńgó lè di olùdíje, ṣùgbọ́n fíìmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ sí ipò kejì àti ìkẹta ló máa ń borí. Fíìmù tí ìdajì fẹ́ràn tí ìdajì kò lè fojú rí kì í rí ìwé ìbò gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá yọ.

Nípa iye ìsọ̀rí: The Power of the Dog wọ 12 ní 2022, ọ̀kan ló gbà. CODA wọ 3, ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. La La Land wọ 14, Moonlight ló gba èyí tó ga jù. Anora ni mo mú.

Ìyá_Ọlọ́fíìmù
25 Ṣẹ́rẹ́, 9:05 àárọ̀

Conclave. Demi Moore. Adrien Brody.

Arẹwà_Èdè
9 Èrèlé 2025, 11:30 àárọ̀

Ẹ padà wá síbí o. Láàárín ọjọ́ méjì, Anora gba ti àwọn alárìíwísí Critics Choice, ó gba PGA, Sean Baker tó darí rẹ̀ gba DGA. Ti Emilia Pérez sì ti bà jẹ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí Karla Sofía Gascón, olú òṣèrébìnrin rẹ̀, kọ sórí ayélujára ti jáde. PGA ń lo irú ìbò tí Bàbá Ìbejì ṣàlàyé yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́ ju àwọn yòókù lọ.

Kọ́lá_Aláwòrán
24 Èrèlé, 7:20 àárọ̀

SAG fún Demi Moore, ó fún Chalamet. Conclave gba ti àpapọ̀ òṣèré, ó sì ti gba BAFTA, ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ́lẹ̀. Mo yí ti fíìmù padà sí Conclave, mo bá Ìyá lọ. Moore àti Chalamet dúró síbi tí mo fi wọ́n sí.

Àdùnní_Oníworan
1 Ẹrẹ́nà 2025, 9:48 alẹ́

Mo ti kọ tèmi, mi ò ní yí i mọ́: Anora, Baker, Brody, Moore, Culkin, Saldaña. BAFTA fún Mikey Madison, olú òṣèrébìnrin Anora, ìyẹn ń kọ mí lóminú, ṣùgbọ́n Moore ti ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, mo rò pé wọ́n á fẹ́ yẹ́ ẹ sí.

Àdùnní_Oníworan
3 Ẹrẹ́nà, 8:02 àárọ̀

Márùn-ún nínú mẹ́fà! Madison ló gbà á. Anora gbé márùn-ún lọ, mẹ́rin lọ sọ́wọ́ Baker nìkan: aṣàgbéjáde, olùdarí, ìwé eré, gígé àti títò fíìmù. I'm Still Here gba ti ilẹ̀ òkèèrè fún Brazil, mo fò sókè nígbà tí wọ́n pè é.

Bàbá Ìbejì, mo ti ń múra de ọdún tó ń bọ̀. Ìsọ̀rí tuntun wà fún àwọn fíìmù tó bá jáde ní 2025, ti àwọn tó ń ṣa òṣèré jọ fún fíìmù. Kò sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kan tí àbájáde rẹ̀ ti bá Oscar rìn níbẹ̀ rí, kò sí ọdún tó ṣáájú tí a lè wò. Ibo lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ tiyín?

Bàbá_Ìbejì
3 Ẹrẹ́nà, 8:37 àárọ̀

Látorí ẹni tó ń dìbò. Ẹ̀ka tiwọn ló máa yan olùdíje, àwọn fúnra wọn ló sì mọ bó ti ṣòro tó láti rí ọmọdé tàbí ẹni tí kò ṣeré rí, kí o fi sínú fíìmù kí ó sì yọrí. Fíìmù tí ojú tuntun pọ̀ nínú rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, màá fi èyí tí gbajúmọ̀ kún inú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà ìbò ìkẹyìn tí gbogbo Akádẹ́mì bá dé, màá yí i padà.